Ìwé Tí A Tì Pa: Ta Ni Yóò Mọ̀, Ta Ni Yóò Kàn Gbàgbọ́?

Ní ọdún 1982, jọ́nà ìmọ̀ ìṣègùn kan nílẹ̀ Faransé gbé ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ ará Jámánì ṣe. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára àwọn ará abúlé ní Làìbéríà ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n rí àmì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan pé kòkòrò Ebola ti bá wọn jà rí. Wọ́n sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀: ó yẹ kí a ka Làìbéríà kún àwọn ilẹ̀ tí Ebola ń gbé. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní 2014, àrùn náà jà ní Làìbéríà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ rí. Èèyàn tó lé ní 4,800 ló bá a lọ ní orílẹ̀-èdè yẹn nìkan.

Nígbà tí ìjà náà ń rọlẹ̀, ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, Dókítà Bernice Dahn, ọ̀gá àgbà àwọn oníṣègùn ní ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba Làìbéríà, pẹ̀lú ẹni méjì mìíràn, kọ àròkọ sínú New York Times. Wọ́n ní ìyàlẹ́nu ńlá ló jẹ́ fún àwọn nígbà tí àwọn rí ìwádìí 1982 yẹn. Wọ́n fi kún un pé bí dókítà ará Làìbéríà bá fẹ́ ka ọ̀kan lára irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là 45 ni yóò san, ìyẹn nǹkan bí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Làìbéríà ni wọ́n fi ṣe ìwádìí. Àwọn ará Làìbéríà kan náà ni yóò tún sanwó kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí ẹ̀jẹ̀ wọn wí.

Kì í ṣe dọ́là 45 nìkan ló fa ọ̀rọ̀ náà, Dókítà Dahn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọmọ Làìbéríà kankan lára àwọn tó kọ ìwádìí náà. Àwọn àlejò gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní Yúróòpù. Ní Làìbéríà fúnra rẹ̀, àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò kò tó nǹkan. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà nínú ìtàn yìí tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí àti àwọn ẹlẹ́sìn ti ń bá jìjàkadì fún ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé ayé ti mọ nǹkan kan, ta gan-an ló mọ̀ ọ́n? Ǹjẹ́ ó sì tọ́ kí ẹnì kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìmọ̀ kó máa gba owó oníbodè?

Ilẹ̀ Èkìtì ni ìmọ́lẹ̀ tó tàn jù sórí ìbéèrè yìí ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tó kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Yunifásítì Ifẹ̀, Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn ibẹ̀, wọ́n ń bi wọ́n léèrè bí ènìyàn ṣe ń mọ ohun tó mọ̀. Ìwé tí wọ́n kọ láti inú ìjókòó náà, Knowledge, Belief and Witchcraft, jáde ní 1986. Àwọn oníṣègùn náà kò fi ojú kan náà wo mímọ̀ àti gbígbàgbọ́. Ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, òun nìkan ni ènìyàn lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ bàbá ẹni, ìbáà jẹ́ olùkọ́ ẹni, ìbáà jẹ́ ìwé ló sọ ọ́, ìgbàgbọ́ ni, títí di ọjọ́ tí a bá dán an wò tí a sì rí i bó ṣe rí.

Òfin àwọn oníṣègùn wọ̀nyí le. Ó le ju ti ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ, níbi tí wọ́n ti ń pe gbogbo ohun tó bá wà nínú ìwé ní ìmọ̀. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni òfin tí sáyẹ́ǹsì fi ń yangàn pé òun ń tẹ̀ lé. Ìdí tí ìwé ìwádìí fi gùn nìyẹn. Kì í kàn sọ pé oògùn kan ṣiṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ iye èèyàn tí wọ́n fún ní oògùn náà, bí wọ́n ṣe yàn wọ́n, iye tó kú, irú àyẹ̀wò tí wọ́n lò, àti ibi tí àṣìṣe ti lè wọlé. Gbogbo èyí wà níbẹ̀ kí òǹkàwé má bàa gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lásán. Ó wà níbẹ̀ kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ti ìwé náà mọ́ pàdánù ju ìròyìn lọ. Wọ́n gba agbára àtimọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ìgbàgbọ́ nìkan sílẹ̀ fún un. Ìwádìí 1982 yẹn fi èyí hàn dáadáa. Irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lò láyé ìgbà yẹn a máa ṣi nǹkan mú nígbà mìíràn. Ó lè ka ẹni tí Ebola kò bá jà rí mọ́ àwọn tó bá jà. Dókítà tó bá ka ìwé náà tán lè sọ pé òun kò gbà. Ó lè sọ pé òun fẹ́ tún ẹ̀jẹ̀ gbà kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá ṣe nínú méjèèjì, Làìbéríà ì bá ti jókòó sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò rí ìwé kò gbọ́ ìkìlọ̀, kò sì ní àǹfààní láti ṣiyèméjì sí i.

Ẹni tó bá ti ṣe ìwádìí rí ní yunifásítì Nàìjíríà mọ bí ilẹ̀kùn náà ṣe rí. Á wá nǹkan lórí Google Scholar, á rí àkọlé tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Á tẹ̀ ẹ́. Orúkọ àwọn òǹkọ̀wé á jáde, àkótán ìlà mẹ́wàá tàbí méjìlá á tẹ̀ lé e, àtẹ àti àwòrán á hàn fírífírí bí ohun tí wọ́n fi aṣọ bò, lẹ́yìn náà ni bọ́tìnì kan á ní kó ra PDF náà. Dọ́là 40 ni, tàbí kó lé. Ní 2024 tí owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di náírà 70,000, dọ́là kan ń lọ sí nǹkan bí náírà 1,500. Ìwé kan ṣoṣo ti di náírà 60,000 nìyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì sì nílò ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ka àkótán, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ wọn pé lágbájá ti fi hàn pé báyìí báyìí ni. Wọn kò rí bí lágbájá ṣe fi hàn. Ìgbàgbọ́ ni wọ́n kọ sílẹ̀, tí wọ́n pè ní ìmọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Ibo ni owó náà ń lọ? Kì í ṣe sápò ẹni tó kọ ìwé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé owó orí aráàlú ni ìjọba fi san owó ìwádìí. Olùwádìí kọ èsì rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Jọ́nà fi ránṣẹ́ sí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta láti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn náà kò gba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni òǹkọ̀wé bu ọwọ́ lu ìwé pé òun gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé, ilé ìtẹ̀wé sì tà á padà fún ilé ìkàwé yunifásítì tí òǹkọ̀wé náà ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìkàwé kò lè yọwó, nítorí pé kò sí ìwé méjì tó sọ ohun kan náà. Ẹni tó nílò ìwádìí yìí kò lè fi ìwádìí mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Kò bẹ̀rẹ̀ báyìí. Henry Oldenburg dá jọ́nà Philosophical Transactions sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1665 kí àwọn onímọ̀ lè máa fi ohun tí wọ́n rí han ara wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọjà wọ̀ ọ́ gan-an. Oníṣòwò kan, Robert Maxwell, gba Pergamon Press ní 1951, ó sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ jọ́nà ńlá, ó sì tà á fún ilé ìtẹ̀wé Elsevier ní 1991 ní mílíọ̀nù 440 owó pọ́n-ùn. Ní 2023, nínú gbogbo 100 pọ́n-ùn tó wọlé fún ẹ̀ka ìwé sáyẹ́ǹsì ilé iṣẹ́ tó ni Elsevier, nǹkan bí 38 ló jẹ́ èrè. Àwọn aṣèwéjáde ń ṣiṣẹ́ o: wọ́n ń tún èdè ṣe, wọ́n ń to ìwé, wọ́n ń pa á mọ́ kó má sọnù. Iṣẹ́ yẹn yẹ fún owó. Èrè 38 nínú 100 lórí ohun tí ẹlòmíràn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni kò rọrùn láti dá láre.

Àwọn ẹlẹ́sìn ti jiyàn yìí kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dáyé. Ní Yúróòpù ayé àtijọ́, àwọn amòfin Ìjọ Kátólíìkì gbà pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìmọ̀, pé ẹni tó bá tà á ń ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n ń rántí bí Jésù ṣe rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jáde tó sì ní kí wọ́n má gbowó lórí ohun tí wọn kò fowó rà. Ní 1179, Àpérò Lateran Kẹta pàṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kàtídírà kọ̀ọ̀kan ní olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn aláìní lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ta ìwé àṣẹ ìkọ́ni. Wọ́n fi owó oúnjẹ olùkọ́ náà sí apá kan: ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò bọ́ ọ. Hádíìsì kan tún wà tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà sílẹ̀, tí àwọn áfáà ilẹ̀ Yorùbá kì í fi ṣeré nínú wáàsí, pé ẹni tí wọ́n bá bi ní ohun tó mọ̀ tó sì fi pamọ́, ìjánu iná ni yóò wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ Ìdájọ́. Àwọn Mùsùlùmí olówó a máa fi ìwé ṣe wákàfù fún mọ́sáláṣí, kí ẹnikẹ́ni lè kà á títí ayé.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀sìn wọ̀nyí tó ní kí olùkọ́ kú sí ebi. Ọmọ ilé kéú tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá mọ owó tí wọ́n ń mú lọ fún áfáà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń fà ni pé owó olùkọ́ jẹ́ ti oúnjẹ àti àkókò rẹ̀. Kì í ṣe iye owó tí wọ́n fi lé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lórí. Ọmọ tí kò rí owó náà mú wá ṣì ń gbọ́ ohun tí áfáà ń kọ́ àwọn yòókù.

Ti Ifá ló ṣòro jù, nítorí pé awo ni. Ẹni tó bá ní kí gbogbo ìmọ̀ wà ní gbangba gbọ́dọ̀ dáhùn bóyá ó fẹ́ kí àṣírí ìgbódù náà wà ní gbangba. Ọmọ awo máa ń sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa kọ́ ẹsẹ Ifá lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri Odù 256, kò sì ní gbọ́ àwọn kan títí ọ̀gá á fi rí i pé ìwà rẹ̀ ti tó. Òótọ́ ni pé ìtẹ̀fá ń náni lówó. Ṣùgbọ́n owó nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Olówó tí kò ní sùúrù, ìta ni yóò wà. Ohun tí wọ́n fi ṣọ́ ìmọ̀ náà ni ìwà àti ìmùlẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ sì ni ẹni tó kọ́ ọ, tó gbé e sórí, tí yóò gbé e lé ọmọ lọ́wọ́.

Irú pípamọ́ yìí yàtọ̀ pátápátá sí ti ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n gbé ìmọ̀ fún lọ́fẹ̀ẹ́. Babaláwo tó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ń pa ohun tirẹ̀ mọ́. Pierre Verger, ará Faransé tó fi Bahia ní Brazil ṣe ilé, tó di babaláwo, tó sì ń jẹ́ Fátúmbí, tẹ ìwé Ewé jáde ní 1995. Ewé, egbò, èlò àti ọfọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu àwọn babaláwo nílẹ̀ Yorùbá kún inú rẹ̀. Ìwé ńlá ni, ó sì gba ọ̀pọ̀ nǹkan là lọ́wọ́ ìgbàgbé. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ oògùn lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó gbé ewé lọ láìbi ẹnikẹ́ni. Àdéhùn Nagoya ti 2010, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí, wá láti ní kí wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí wọ́n tó lo ewé àti ẹranko ilẹ̀ rẹ̀ fún ìwádìí, kí wọ́n sì pín èrè fún un. Onímọ̀ ìbílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ibí ni kó dúró. Àmọ́ nígbà tí àgbà kan bá ti la ẹnu rẹ̀, tó ti fi ọ̀sán gbogbo kí ẹsẹ Ifá fún olùwádìí láìgba nǹkan ju ọtí àti obì lọ, kò sí ìdí tí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì á fi san dọ́là 40 láti ka ohun tí bàbá àgbà wí.

Ṣé olè wá ni ẹni tó bá fo ògiri? Ní 2011, Alexandra Elbakyan, ọmọbìnrin ará Kazakhstan, dá Sci-Hub sílẹ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí ìwé tí wọ́n ti pa kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ẹjọ́ kan ní New York dá a lẹ́bi ní 2017, wọ́n ní kí òun àti àwọn tí wọ́n jọ pè lẹ́jọ́ san mílíọ̀nù 15 dọ́là fún Elsevier. Òfin ni òfin, ìdájọ́ náà sì bá òfin mu. Ohun tí òfin kò yanjú ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni nǹkan gan-an. Bí wọ́n bá wú iṣu olóko, ebi ni yóò pa á. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá ka ìwé olùwádìí, kò pàdánù ohunkóhun, òkìkí rẹ̀ ni yóò tún kàn sí i. Ẹni tó pàdánù ni ẹni tó dúró sáàárín.

Aaron Swartz, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó mọ kọ̀ǹpútà dójú àmì, kò dúró de ilé ẹjọ́. Nǹkan bí mílíọ̀nù 4.8 ìwé ló fà jáde láti inú àkójọ JSTOR lórí íntánẹ́ẹ̀tì yunifásítì MIT. Wọ́n mú un ní oṣù Kíní 2011. JSTOR fúnra rẹ̀ ní òun kò fẹ́ bá a ṣẹjọ́ mọ́, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ kò dẹwọ́, ẹ̀sùn náà sì lè gbé e sẹ́wọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kíní 2013, kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 26 ni.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba ìfògiri. Ní oṣù Kẹjọ 1991, onímọ̀ físíìsì kan, Paul Ginsparg, ṣí àpótí kan sórí kọ̀ǹpútà ní Los Alamos kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa gbé ìwé wọn sí i fún gbogbo ayé. Ohun tí à ń pè ní arXiv lónìí nìyẹn. Ibẹ̀ ni Grigori Perelman, ará Rọ́ṣíà, gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí láti oṣù Kọkànlá 2002, iṣẹ́ tó tú kókó kan tí onímọ̀ ìṣirò Poincaré ta ní 1904. Kò fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kankan. Àwọn onímọ̀ ìṣirò káàkiri ayé gbé e wò ìlà dé ìlà fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n sì gbà pé ó tọ̀nà. Kò sí ẹni tí wọ́n ní kó kàn gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2002 náà ni àwọn onímọ̀ tó ti pàdé ní Budapest kéde pé ó yẹ kí gbogbo ìwé ìwádìí wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì pín in.

Ẹ̀dẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2020, Nàìjíríà rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Redeemer's University, Ẹ̀dẹ, ti ka àbùdá kòkòrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì gbé e sórí virological.org lójú ẹsẹ̀. Orí ìtàkùn kan náà ni àwọn ará Ṣáínà ti gbé tiwọn sí ní ọjọ́ 11 oṣù Kíní. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Dákà lè fi tẹ̀hún wé tibí. Ohun tí wọ́n gbà lára aláìsàn ní Nàìjíríà, Nàìjíríà ni wọ́n ti kà á, àwọn tó kà á ló fọwọ́ sí i, ayé sì rí i kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ wo bí ó ṣe jìnnà sí ti Làìbéríà.

Ìwé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ díẹ̀ sí ìwé ìwádìí, ó sì yẹ kí a má pa wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá kọ ìwé físíìsì fún ilé ẹ̀kọ́ gíga ti lo ọdún mẹ́ta mẹ́rin, ó sì lè máa jẹun nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kó gbé e kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò bọ́ ọ. Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà dáhùn irú ìbéèrè yìí ní oṣù Kíní 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òbí kò san owó ilé ìwé, ṣùgbọ́n ẹnì kan san án: owó orí ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bínú sí owó orí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ló sì di dókítà àti adájọ́. Yunifásítì Rice ní Houston gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú OpenStax, tó gbé ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2012. Owó àwọn afúnni-lọ́rẹ ló san fún àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn tó yẹ iṣẹ́ wọn wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Houston àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ jọ ń gba ìwé físíìsì kan náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Níbi tí kò bá ti sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, fọ́tòkọ́pì ni. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ń ṣe é nínú ọgbà Delhi School of Economics ní Íńdíà, Rameshwari, di ẹni tí Oxford, Cambridge àti Taylor & Francis pè lẹ́jọ́ ní 2012. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ń da orí ìwé tí olùkọ́ yàn fún kíláàsì pọ̀, ó ń tà á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó táṣẹ́rẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, Ilé Ẹjọ́ Gíga Delhi da ẹjọ́ náà nù. Adájọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ sí àárín ìjíròrò yìí gan-an: pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ ènìyàn, òfin ló dá a, kí ìmọ̀ lè gbilẹ̀ láàárín aráàlú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ilé ìtẹ̀wé náà jáwọ́.

Ilẹ̀kùn tuntun ti wà báyìí o, ó sì yẹ kó dun ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn ìmọ̀. Nígbà tí ariwo ìwé ọ̀fẹ́ pọ̀, àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá ní ó dára, òǹkàwé kò ní sanwó mọ́, òǹkọ̀wé ni yóò máa san án. Ní 2021, ẹni tó fẹ́ kí ìwádìí rẹ̀ nínú jọ́nà Nature wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé lọ́gán lè san tó €9,500 nígbà náà. Ní àwọn jọ́nà tó rẹlẹ̀, dọ́là 3,000 kì í ṣe nǹkan tuntun, mílíọ̀nù 4.5 náírà nìyẹn ní 2024, ó ju owó oṣù tó kéré jù lọ fún ọdún márùn-ún. Wọ́n máa ń yọ̀ǹda fún àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù lọ, àmọ́ Nàìjíríà kò sí nínú ìsọ̀rí yẹn lójú Báńkì Àgbáyé, nítorí náà ìdajì ni wọ́n sábà máa ń dín kù fún un. Lábẹ́ ètò yìí, ará Ìbàdàn lè ka ohun tí ará Boston rí, ṣùgbọ́n ará Boston kò ní rí ti Ìbàdàn kà. Inú àlàfo yìí ni àwọn jọ́nà ayédèrú ti ń pa owó: wọ́n á gba dọ́là 100, wọ́n á tẹ ohunkóhun jáde láìyẹ̀ ẹ́ wò, olùkọ́ tó ń wá ìgbéga á sì fi kún àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, bí ó tilẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò yí ìgbàgbọ́ padà sí ìmọ̀.

Brazil ti fi hàn tipẹ́ pé kò di dandan kó rí bẹ́ẹ̀. SciELO, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní São Paulo ní 1997, ń fi owó ìjọba gbé ọ̀pọ̀ jọ́nà Látìn Amẹ́ríkà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní Potogí àti Sípáníìṣì. Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí náà ti dìde. Ní 2024, gbogbo àwọn olóòtú Philosophy & Public Affairs, jọ́nà tó ti wà láti 1971, kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé ìtẹ̀wé wọn, wọ́n sì lọ bá Open Library of Humanities láti dá jọ́nà mìíràn sílẹ̀ tí òǹkọ̀wé àti òǹkàwé kò ní sanwó rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ̀wé lórí ìdájọ́ òdodo. Ó jọ pé wọ́n yẹ ilé ara wọn wò.

Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn Èkìtì tí wọ́n kọ́ Hallen àti Ṣódípọ̀ lọ́gbọ́n ṣì kù. Bí ìwé náà bá wà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́la, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ọ́. Àgbà tó sọ̀rọ̀ náà kò lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bí òun ṣe wí i ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, mọ èyí. Nígbà tó tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968 àti 1969, Yorùbá ló fi kọ ọ́, babaláwo tó mọ̀wé sì lè kà á kó bá a jiyàn. Babs Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, náà mọ̀ ọ́n. Láti 1970, ní ilé ìwé St Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, àwọn ọmọ kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ fún wọn ní èdè náà, wọn kò sì rẹ̀yìn sí àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ. Lónìí, ìwé àṣẹ tó wà lórí ọ̀pọ̀ ìwé OpenStax gba ẹnikẹ́ni láàyè láti túmọ̀ rẹ̀, kó sì yí àpẹẹrẹ inú rẹ̀ padà, bó bá ṣáà ti dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Olùkọ́ físíìsì tó bá fẹ́ gbé e wá sí Yorùbá kò ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ Houston. Ohun tó nílò ni onímọ̀ èdè kan, ọdún méjì tàbí mẹ́ta, àti yunifásítì kan tó gbà láti ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ìgbéga rẹ̀.